Ẹ̀rọ Singer tó ti há kì í ṣe ẹ̀rọ tó ti kú

Bí ẹ̀rọ 'obioma', aránṣọ tó ń gbé Singer lé èjìká kiri àdúgbò, bá há, owó oúnjẹ ọjọ́ náà há nìyẹn.

Clydebank ní Scotland ni Singer ti ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí. Lọ́dún 1913 nìkan, ẹ̀rọ tó jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa lọ́dún 1980, àmọ́ irin rẹ̀ ṣì lágbára. Òróró tó gbẹ ló sábà máa ń dì í mú.

Ẹ má fi ipá yí i o! Ẹ kán kẹrosínì sí àwọn ihò òróró rẹ̀, níbi tó jìnnà síná, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ yọ òwú tó wé mọ́ ìdí bọ́bìnnì, kí ẹ rọra yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Tó bá ti yí, ẹ nu kẹrosínì náà kúrò, kí ẹ wá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Òróró ẹ̀pà kọ́ o. Ìyẹn ló ń gbẹ mọ́ irin.