Ìwé Àṣẹ Ìbọn ní Amẹ́ríkà: Ta Ni Wọ́n Ń Fún, Ta Ni Wọ́n Ń Fi Dù?

Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1956, àwọn kan ju àdó olóró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 27 ló ń gbé inú ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ wà ní ìpàdé lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn obìnrin, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta láyé, wà nílé. Orí ló kó wọn yọ. Martin Luther King ni orúkọ pásítọ̀ yìí. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ni pé òun ni aṣáájú àwọn adúláwọ̀ tó ti pa wíwọ bọ́ọ̀sì ìlú tì láti oṣù Kejìlá, ọdún 1955, nítorí pé wọ́n ń fi ipá mú wọn dìde fún aláwọ̀ funfun.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, King gba ọ́fíìsì ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí agbófinró àgbègbè náà, lọ. Ó tọrọ ìwé àṣẹ tí yóò fún un láyè láti máa gbé ìbọn sínú ọkọ̀. Wọ́n kọ̀, wọn kò fún un. Òfin Alabama nígbà náà sọ pé wọ́n lè fún ẹni tó bá ní ìdí gúnmọ́ láti máa bẹ̀rù fún ara tàbí dúkìá rẹ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó bá ti jẹ́ ẹni tó yẹ. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ju àdó olóró sílé rẹ̀ kò bá ní ìdí láti bẹ̀rù, ta ló kù tó ní in? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe ìdí ni King kò ní. Ọ̀rọ̀ nípa "ẹni tó yẹ" ni òfin fi lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ láti túmọ̀ bó ṣe wù wọ́n.

King padà rò ó, ó sì pinnu pé ẹni tó ń wàásù pé kí a má fi ipá gbèjà kò gbọdọ̀ gbé ìbọn kiri. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé dìde ti wà ṣáájú rẹ̀, kò sì tíì tán nílẹ̀ títí dòní: ta ló yẹ kó ní agbára láti wo ojú ará ìlú méjì, kí ó sọ pé ọ̀kan yẹ, èkejì kò yẹ?

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú àtúnṣe kejì tó di òfin lọ́dún 1791, sọ pé ẹ̀tọ́ tí àwọn ará ìlú ní láti tọ́jú ohun ìjà àti láti gbé e kì í ṣe ohun tí ìjọba lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú ni wọ́n kà sí ará ìlú. Lọ́dún 1806, ìpínlẹ̀ Virginia ṣòfin pé adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ nílé ẹjọ́ kí ó tó lè ní ìbọn. Òfin náà kò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí Nat Turner kó àwọn ẹrú jọ, tí wọ́n sì dìde sí àwọn olówó wọn ní àgbègbè Southampton nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 1831, jìnnìjìnnì bo àwọn aláṣẹ Virginia. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìwé àṣẹ náà pa pátápátá. Láti ìgbà náà, kò sí adúláwọ̀ tó tún gbọ́dọ̀ gbé ìbọn níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ òmìnira.

Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn jáde síta lọ́dún 1857. Nínú ẹjọ́ Dred Scott, adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà, Roger Taney, dá a lẹ́jọ́ pé adúláwọ̀ kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lára àwọn ìdí tó tò kalẹ̀ ni pé bí a bá gbà pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n, a jẹ́ pé wọn yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ohun ìjà lọ sí ibikíbi tó bá wù wọ́n. Taney kò sọ ọ́ láti yìn wọ́n. Ohun tó kà sí èèmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé gbígbé ohun ìjà jẹ́ ọ̀kan lára àmì tí a fi ń mọ ọmọ onílùú.

Ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1865, òkò ẹrú sì bọ́ lọ́rùn àwọn adúláwọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ Mississippi ṣòfin pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, àfi bó bá wà nínú iṣẹ́ ológun tàbí bí ìgbìmọ̀ agbófinró àgbègbè rẹ̀ bá fún un níwèé àṣẹ. Ìwé wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olówó wọn àná ni wọn yóò ti gbà á. Nígbà tó di ọdún 1868, àtúnṣe kẹrìnlá wọ inú òfin ìpìlẹ̀, ó ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi ààbò òfin du ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń kọ àwọ̀ ènìyàn sínú òfin ìbọn ní gbangba kò rọrùn mọ́.

Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lọ́dún 1893, ìpínlẹ̀ Florida ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ìbọn gígùn alátúnyìn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Winchester ń rọ, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ àgbègbè rẹ̀, kí ó sì fi 100 dọ́là ṣe ìdúró. Lọ́dún 1901, wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ kún un. Kò sí ibi tí òfin náà ti dárúkọ dúdú tàbí funfun. Ó di ọdún 1941 kí adájọ́ kan nílé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Florida, Rivers Buford, tó là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Watson àti Stone. Ó kọ ọ́ pé nítorí àtigba ìbọn lọ́wọ́ àwọn lébìrà adúláwọ̀ tó rọ́ wá síbi iṣẹ́ igi gẹdú àti oje igi ni wọ́n fi ṣe òfin yẹn. Ó fi kún un pé wọn kò fìgbà kan ní in lọ́kàn pé kó mú aláwọ̀ funfun, àti pé wọn kò lò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlú New York ní ìtàn tirẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 1910, ọkùnrin kan yìnbọn fún olórí ìlú náà, William Gaynor. Kò kú, ṣùgbọ́n ọta ìbọn náà wà lọ́fun rẹ̀ títí ó fi jáde láyé. Nígbà tó di oṣù Kìíní, ọdún 1911, wọ́n yìnbọn pa òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kan tó gbajúmọ̀, David Graham Phillips, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Gramercy ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó pa á sì yìnbọn pa ara rẹ̀. Ariwo ta. Timothy Sullivan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Big Tim, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà, gbé àbá òfin kan síwájú ilé. Láti ọdún 1911 yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn tó ṣeé fi pamọ́ sára ní New York gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Lọ́dún 1913, wọ́n ṣe àtúnṣe tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa gbé e jáde gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ìdí tó tọ́.

Àwọn tó fara mọ́ òfin Sullivan rí i bí ohun tí yóò dín ìpànìyàn kù nígboro, ohun tí wọ́n sì ń sọ ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó kí a wo ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ mú sẹ́wọ̀n. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó wá ṣe lébìrà ni. Ó ní nítorí ìbẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń fi ikú dẹ́rù ba àwọn ará Ítálì kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ wọn lòun fi gbé ìbọn. Adájọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan ní Sing Sing. Ní àkókò yẹn, àwọn àlejò láti Ítálì ni ìwé ìròyìn máa ń nàka sí bí ìwà ọ̀daràn bá ti ṣẹlẹ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn tún wáyé ní California. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ tó dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní Oakland lọ́dún 1966 máa ń gbé ìbọn ní gbangba tẹ̀ lé ọlọ́pàá kiri, kí wọ́n lè máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ènìyàn wọn. Òfin gbà wọ́n láyè nígbà náà. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, wọ́n gbé ìbọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Sacramento. Kò pẹ́ rárá tí Gómìnà Ronald Reagan fi buwọ́ lu òfin Mulford, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ kiri ìgboro láìgba ìwé àṣẹ. Ọkùnrin kan náà ni àwọn olùfẹ́ ìbọn padà tẹ̀lé nígbà tó di ààrẹ.

Láti ọdún 1987 ni ìgbì ti yí padà. Florida, ìpínlẹ̀ tó ti fi òfin ìwé àṣẹ dá àwọn lébìrà adúláwọ̀ lẹ́kun nígbà kan, ló ṣòfin pé ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí kò jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tó sì ti kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn, ìjọba gbọ́dọ̀ fún un níwèé. Kò sí "ó wù mí" tàbí "kò wù mí" mọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Alaska sọ lọ́dún 2003 pé kò pọn dandan kí ènìyàn gba ìwé kankan, bí Vermont ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí South Carolina darapọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 2024, wọ́n di ìpínlẹ̀ 29.

New York àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún mìíràn dúró gbọin lórí ọ̀nà àtijọ́ títí di ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2022. Lọ́jọ́ náà, adájọ́ mẹ́fà borí mẹ́ta nílé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Bruen. Wọ́n ní New York kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa béèrè ìdí pàtàkì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn dáàbò bo ara rẹ̀. Clarence Thomas, adájọ́ adúláwọ̀, ló kọ ìdájọ́ náà, ó sì fa ọ̀rọ̀ Taney ti ọdún 1857 yọ nínú rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà aláìní nílé ẹjọ́ New York pàápàá kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ náà pé adúláwọ̀ àti àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn àìgba ìwé àṣẹ kàn.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fojú fò. Adájọ́ Stephen Breyer, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí, rán àwọn ènìyàn létí pé ìbọn pa ará Amẹ́ríkà 45,222 lọ́dún 2020 nìkan. Kò tíì tó oṣù méjì ṣáájú ìdájọ́ náà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìbọn gígùn pa adúláwọ̀ mẹ́wàá ní ìsọ̀ oúnjẹ kan ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York kan náà. Nítorí èyí, New York tètè ṣe òfin tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú kíláàsì àti wákàtí méjì níbi tí a ti ń yìnbọn, ènìyàn mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ìwà rẹ̀, òun náà yóò sì fojú kojú pẹ̀lú àwọn tó ń fúnni níwèé. Bó bá gba ìwé náà tán, kò gbọdọ̀ gbé ìbọn dé Times Square tàbí inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Ìwé náà kì í sì í ṣe ẹ̀wù ìgbàlà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2016, ọlọ́pàá kan dá ọkọ̀ Philando Castile, adúláwọ̀ ẹni ọdún 32, dúró ní Falcon Heights, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Castile ti gba ìwé àṣẹ bó ṣe tọ́. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lára òun. Ìgbà méje ni ọlọ́pàá náà yìnbọn, lójú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àti ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní ọlọ́pàá náà kò jẹ̀bi.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Atlanta tàbí New York fara balẹ̀ ka ìtàn yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò láyè láti ní ìbọn, àyàfi lábẹ́ àwọn àyè kéékèèké kan. Bẹ́ẹ̀ ni New York kò mọ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn rí. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ní Texas lè di ẹ̀wọ̀n ní Brooklyn.

Ìlú tí kò bá ṣòfin ìbọn, ẹkún ni yóò máa sun. Ṣùgbọ́n òfin tó bá fi ìwé àṣẹ sábẹ́ ojú rere ẹnì kan ṣoṣo ti ṣí ilẹ̀kùn fún ìkórìíra ẹni náà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ orí àti àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn jẹ́ òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn lè rí, tí wọ́n sì lè pe aláṣẹ lẹ́jọ́ lé lórí. "Ẹni tó yẹ", láìsí òṣùwọ̀n kankan, ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá King padà láti ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìlú tó bá ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ti máa ṣọ́ra.