Oríta tó ní àmì STOP: ohun tó ń fa jàǹbá níbẹ̀ àti bí a ṣe lè dín in kù

Ní àwọn ìlú wa bíi Kétu àti Ṣábẹ̀, ọ̀pọ̀ oríta ni kò ní iná tó ń darí ọkọ̀. Àmì STOP nìkan ló wà níbẹ̀, níbi tó bá tiẹ̀ wà. Ní Ṣábẹ̀, ọ̀nà RNIE2 tó ti Kútọnu lọ sí Parakou ló gba ìlú kọjá. Ojú ọ̀nà kan náà ni camion, zémidjan, ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ilé ìwé ti ń pàdé. Ọkọ̀ ńlá kò lè dúró lójijì, ẹni tó wà lórí alùpùpù tàbí lórí ẹsẹ̀ kò sì ní ohun tó máa gbà á sílẹ̀.

Ohun tí àmì náà ń sọ

Àmì STOP pupa, ó sì ní etí mẹ́jọ. Ìrísí yìí ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: bí eruku bo ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, tàbí bí ẹ bá rí i láti ẹ̀yìn, ẹ ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ẹ dúró pátápátá, kí táyà má yí mọ́, kí ẹ wo òsì, kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wà lórí títì tí ẹ fẹ́ wọ̀ kọjá ná. Kì í ṣe kí ẹ rọra máa yí lọ.

Àmì onígun mẹ́ta tó dorí kodò, "cédez le passage", yàtọ̀ sí i. Tí ẹnikẹ́ni kò bá bọ̀, ẹ lè kọjá láì dúró. Níbi tí kò bá sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbá ẹni tó dúró?

Àwọn kan kì í dúró rárá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn dúró, ó wò, ó gbéra, ọkọ̀ sì tún gbá a. Ohun tó yẹ kó rí ni kò rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 50 km/h ń lọ bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí alùpùpù bá nílò ìṣẹ́jú àáyá 5 láti gbéra kó sì ré títì kọjá, ọkọ̀ náà á ti rin mítà 70. Bó bá jẹ́ 80 km/h ló ń sá, ó ti lé ní mítà 110. Tí ìsọ̀ epo bẹntiróòlù, igbó tàbí camion tó páàkì sí igun bá dí ojú yín tó jẹ́ pé mítà 30 péré lẹ ń rí, dídúró yín nìkan kò tó.

Iṣẹ́ tí kò wọ́n

Ohun tí mairie àti ará àdúgbò lè ṣe nìyí:

– Kí wọ́n gé igbó àti ẹ̀ka igi tó bo àmì tàbí igun oríta.
– Kí wọ́n sún ìsọ̀ àti ibi tí zémidjan ń dúró sí kúrò ní igun gan-an.
– Kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà níbi tó yẹ kí táyà dúró.
– Kí wọ́n ri àmì tó tóbi, tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án lóru, sí apá méjèèjì ọ̀nà.
– Kí wọ́n fi àmì mìíràn ṣíwájú, tó ń kìlọ̀ pé STOP ń bọ̀.

Wọ́n ti dán irú iṣẹ́ báyìí wò. Ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún àmì àti ìlà ṣe ní oríta STOP tó lé ní 400. Jàǹbá tó ń pa èèyàn tàbí tó ń ṣe èèyàn léṣe fi nǹkan bí 10 nínú 100 dín kù. Ní oríta ìgbèríko, ó tó 27 nínú 100.

Rond-point lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń fipá mú gbogbo ọkọ̀ rọra, títí kan èyí tó wà lórí títì ńlá. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ilẹ̀ àti owó. Ẹ má torí pé ẹ ń retí rẹ̀ fi igbó sílẹ̀ kó máa bo àmì.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí olórí àdúgbò, àwọn onízémidjan àti olùkọ́ ilé ìwé jọ lọ sí oríta tó ń bà yín lẹ́rù, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ dúró níbi tí alùpùpù máa ń dúró, kí ẹ wo bí ojú yín ṣe jìn tó. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká, ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, kí ẹ mú un lọ sí mairie.