Iyọ̀, gẹ̀gẹ̀ àti ọpọlọ ọmọ: bí họ́mọ̀nù ṣe ń darí ara àti ìwà wa

Ọmọ kan ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ̀kọ́ kì í tètè yé e, òtútù ń mú un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ìránṣẹ́ kan ni kò tó nínú ara rẹ̀.

Ìránṣẹ́ méjì ni ọpọlọ ní

Èkíní ni iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ara. Ó yára bíi mànàmáná. Bí ẹ bá rí ejò lọ́nà oko, ẹsẹ̀ yín á ti fò kí ẹ tó ronú. Ìkejì ni họ́mọ̀nù, ìyẹn oje tí àwọn ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, adrénaline, ń wá láti orí kíndìnrín. Òun ló ń jẹ́ kí àyà yín ṣì máa lù kìkì nígbà tí ejò ti lọ.

Thyroïde àti gẹ̀gẹ̀

Lábẹ́ gògóńgò ni ẹ̀yà kan wà tó rí bíi labalábá: thyroïde. Họ́mọ̀nù rẹ̀ ló ń sọ bí ara yóò ṣe gbóná tó àti bí ọkàn yóò ṣe máa lù. Bí ó bá pọ̀ jù, èèyàn á máa rù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, á máa tètè bínú, kò sì ní rí oorun sùn. Bí kò bá tó, ara á wúwo, ìgbàgbé á pọ̀.

Iode ni thyroïde fi ń ṣe họ́mọ̀nù yìí. Bí iode ò bá tó, ọpọlọ á máa rọ thyroïde pé kó ṣiṣẹ́ sí i, òun náà á sì máa wú. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe èpè. Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ kan wà tí nǹkan mìíràn ń fà, torí náà ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ohun tí wọ́n rí ní àríwá Benin

Àwọn olùwádìí dán àwọn ọmọ iléèwé ọdún 7 sí 11 wò níbi tí iode kò ti tó. Nígbà tí iyọ̀ oní-iode dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn tí iode ara wọn gbéra sókè ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ ju àwọn yòókù lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

Ti aláboyún le jù. Họ́mọ̀nù ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú fi ń dàgbà. Bí iode bá ṣọ̀wọ́n gan-an, ọmọ lè ya odi tàbí kó má lóye, kò sì ní ṣeé túnṣe mọ́.

Ní ilé ìdáná

Àgbàlagbà nílò mícrogramme 150 lóòjọ́, aláboyún 250. Iode tí èèyàn nílò láti ìbí dé ọjọ́ ogbó kò ju ṣíbí kékeré kan lọ!

- Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n kọ «sel iodé» sí lára.
- Ẹ dé e pa, kí oòrùn àti omi má bà á jẹ́. Ẹ fi sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.
- Ẹ má tìtorí iode fi kún iyọ̀: gírámù 5 lóòjọ́ ti tó àgbàlagbà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru.
- Ẹ jẹ́ kí gbágùúdá kan dáadáa kí ẹ tó yan gàrí. Oró inú rẹ̀ ń dí iode lọ́nà.