Gbèdéke Ẹ̀yà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ní Rye Lane, ní Peckham, níbi tí àwọn ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ti ń ná iṣu, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ bí ẹni pé Ọjà Ọba n'Ìbàdàn ni wọ́n dúró sí, kò ṣòro láti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n tí kò lè fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í ṣe pé èdè wa kò tó iṣẹ́ náà sọ. A kò tíì jókòó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni wọ́n sì ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kó jọ, ní 1843.

Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í dá gbogbo rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ló máa ń mú lò. Bí a bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìkàwé, bí òyìnbó ṣe ń pè é, ojú gbogbo ará Peckham yóò yí sí ilé aláràbarà tí wọ́n ṣí fún ìwé kíkà ní 2000. Àká ni mo fọwọ́ sí, nítorí àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ̀rọ̀ àká-ọ̀rọ̀ tipẹ́. Àká tí ètò kan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i ńkọ́? Ìfẹ̀yìntì ìbá dára, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbà á. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àgbójúlé, ọ̀rọ̀ tó gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ dání láti ilé, nítorí agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta.

Àká kọ̀ọ̀kan a máa jáde ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, nọ́ńbà mẹ́ta a sì máa wà lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bí 1.4.2, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Tom Preston-Werner, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìkànnì GitHub sílẹ̀, kọ. Àwọn òyìnbó fi ńlá àti kékeré pe méjì àkọ́kọ́. Èmi kò bá wọn lọ, nítorí ìlérí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń ṣe, wọn kì í díwọ̀n. Èkíní ń sọ pé ohun tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́: àyípadà nìyẹn. Èkejì ń sọ pé a fi nǹkan kún un, a kò ba tàtijọ́ jẹ́: àfikún. Ẹ̀kẹta ń dí ihò: àbùlẹ̀, èyí tí àwọn àgbà sọ pé òun ní ń mú aṣọ tọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ẹ̀yà tí a óò gbà àti èyí tí a kò ní gbà ni gbèdéke, ibí yìí gan-an sì ni èdè Yorùbá ti dùn mọ́ mi jù. "Kò gbọdọ̀ dín ní 1.2.3, kò sì gbọdọ̀ tó 2.0.0": ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ìyá rẹ̀ ná ọjà rí mọ̀ pé ohun tí kò tó 2.0.0 kò lè jẹ́ 2.0.0 fúnra rẹ̀, àti pé ohun tí kò ju 2.0.0 lọ lè jẹ́ ẹ. Àmì ~ pàápàá, tiwa ni: òun ni fàágùn tí àwọn baba wa ń fi sórí fáwẹ́lì nígbà tí wọ́n ń kọ ãfin, kí àkọtọ́ tuntun tó sọ ọ́ di ààfin. Nínú npm, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò fi ń kó àká wọlé, ~1.2.3 ń fa gbèdéke gùn dé àbùlẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kó tó 1.3.0. Kí ló dé tí a kò ní pè é ní fàágùn?

Ìsomọ́lẹ̀ ni kí a so ètò mọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ẹni tó ni àká tó ń jẹ́ colors mọ̀ọ́mọ̀ ki àṣẹ tí kì í dáwọ́ dúró bọ inú rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1.4.1 bí ẹni gbé àbùlẹ̀ jáde. Ètò púpọ̀ tó gba àbùlẹ̀ láyè bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ wúruwùru sójú kọ̀ǹpútà, àwọn tó so mọ́ 1.4.0 kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí àṣírí àléébù ńlá inú àká mìíràn tó ń jẹ́ Log4j tú, 2.15.0, 2.16.0 àti 2.17.0 jáde tẹ̀ lé ara wọn nínú oṣù kan náà, ẹni tó so mọ́ ẹ̀yà àtijọ́ kò sì rí ìwòsàn gbà àfi ìgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn.

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú kíláàsì. Ẹni tó bá sì ní èyí tó sàn ju àgbójúlé lọ, kó mú un wá.