Àga Òfìfo ní Seoul: Eré *Goong* àti Ẹjọ́ Ẹbí Nínú Ààfin Tí Kò Sí Mọ́

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2005, Yi Gu kú sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tokyo. Ọmọ Yi Un ni, àrẹ̀mọ tó kẹ́yìn ní ìdílé ọba Joseon ní Kòríà. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì bímọ kankan. Orí ilẹ̀ tí ilé àwọn òbí rẹ̀ wà nígbà kan rí ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Seoul, wọ́n sì ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀ ní ààfin Changdeokgung. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré *Goong* jáde, èyí tí àwọn ará òkèèrè mọ̀ sí *Princess Hours*. Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni, abala 24 ni gbogbo rẹ̀, Hwang In-roe ló sì darí rẹ̀. Nínú Kòríà tí eré náà fi hàn wá, ọba kò kúrò lórí oyè. Ọba wà, olorì wà, àrẹ̀mọ sì ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí kíláàsì bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ irú eré yìí sábà máa ń gbà. Àwọn kan ní ìfẹ́ ọba àtijọ́ ló ń da àwọn ará Kòríà láàmú, eré náà kàn ń fi ohun tí ọwọ́ wọn kò lè tẹ̀ mọ́ tù wọ́n nínú ni. Àwọn mìíràn ní ìtàn ọmọ tálákà tó fẹ́ ọmọ ọba lásán ni, kò sí ohun tí ọ̀mọ̀wé ń wá lọ síbẹ̀. Èmi kò bá ẹnì kankan nínú wọn lọ. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìtẹ́ ọba wúlò fún tẹlifíṣọ̀n Kòríà nítorí pé ó ṣófo. Kò sí ẹni tó jókòó lé e tí ọ̀rọ̀ lè dùn, kò sí kábíyèsí tó lè bínú, nítorí náà ẹjọ́ tó bá ń jà ràn-ìn nílẹ̀ lásìkò ni òǹkọ̀tàn lè gbé lọ síbẹ̀. Nínú *Goong*, ẹjọ́ ẹbí ni wọ́n gbé lọ: ta ló ni ọmọ, kí ni ìyàwó ilé jẹ́, ṣé ọmọbìnrin lè jogún?

Bí ìtẹ́ náà ṣe ṣófo

Yi Seong-gye ló tẹ ìjọba Joseon dó ní 1392. Ní 1897, Ọba Gojong kéde pé òun kì í ṣe ọba kékeré mọ́, ó sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ ọba ńlá, bóyá àwọn alágbára tó yí i ká yóò kà á sí ẹgbẹ́ wọn. Pàbó ló já sí. Ní 1907, àwọn ará Japan lé e kúrò lórí oyè, wọ́n sì mú ọmọ rẹ̀ Yi Un, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, lọ sí Tokyo. Ní 1910, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ náà. Ọwọ́ wọn ni Yi Un dàgbà sí, aṣọ ológun wọn ló wọ̀, ní 1920 ó sì fẹ́ Masako, ọmọ ìdílé ọba Japan, ẹni tí àwọn ará Kòríà wá mọ̀ sí Yi Bangja.

Nígbà tí Kòríà bọ́ lọ́wọ́ Japan ní 1945, wọn kò pe ọba padà. Ìwé òfin ti 1948 sọ gúúsù di ìjọba olómìnira. Ààrẹ Syngman Rhee, tí òun fúnra rẹ̀ wá láti ẹ̀ka kan nínú ìdílé Yi, kò jẹ́ kí Yi Un wọlé. Ọdún 1963 ló tó padà, nínú àìsàn ni wọ́n sì gbé e dé. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ Deokhye, tí wọ́n ti mú lọ sí Japan ní 1925, ń gbé ní Nakseonjae nínú ààfin Changdeokgung títí àwọn méjèèjì fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1989. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín ikú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi eré tu orílẹ̀-èdè nínú lórí irú àdánù yìí yóò bá Japan jà nínú ìtàn rẹ̀, yóò sì borí. *Goong* kò pẹ́ rárá lórí bí adé ṣe yọ nínú ewu. Ó sáré kọjá ibẹ̀ kó lè dé inú ilé. Ohun kejì tó yẹ ká rántí ni pé ìwé ìtàn aláwòrán tí Park So-hee bẹ̀rẹ̀ ní 2002 ni wọ́n ti yọ eré náà, nítorí náà a kò lè sọ pé ikú Yi Gu ló bí i. Ohun tí ikú yẹn ṣe ni pé ó fìdí ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ múlẹ̀: kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó sórí àga náà.

Ohun tó kù nígbà tí agbára lọ

Ọba inú *Goong* kò ṣòfin, kò yan mínísítà, kò kó ọmọ ogun jáde. Àwọn tí aráàlú dìbò fún ló ń ṣèjọba. Kí ló wá kù fún ààfin? Àgbà tí a gbọ́dọ̀ kí láàárọ̀, aṣọ tí a gbọ́dọ̀ wọ̀, ìyàwó tí a gbọ́dọ̀ fẹ́, àrólé tí a gbọ́dọ̀ fi sípò, àti oníròyìn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Yọ agbára kúrò lára ààfin, ẹbí ló kù. Ibí yìí ni ẹ̀fẹ̀ inú eré náà ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni àríyànjiyàn rẹ̀ fìdí sí.

Shin Chae-kyung, tí Yoon Eun-hye ṣe, ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Bàbá rẹ̀ ń jókòó sílé, ó so aṣọ ìdáná mọ́ra, òun ló ń se oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ló ń jáde lọ ta ìnṣọ́ránsì. Gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Láyé ọjọ́un, bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba tó wàjà, àwọn méjèèjì sì ti ṣàdéhùn pé ọmọ ọmọ wọn yóò fẹ́ra. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá: kò sẹ́ni tó bi Chae-kyung léèrè kí wọ́n tó ṣe àdéhùn náà.

Abala àkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Chae-kyung ṣèèṣì fetí kọ́ ọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́: Àrẹ̀mọ Lee Shin ń bẹ Min Hyo-rin pé kó fẹ́ òun. Oníjó bálẹ́ẹ̀tì ni Hyo-rin, iṣẹ́ ijó rẹ̀ ló sì mú un lọ́kàn, ó kọ̀. Kò pẹ́ tí Chae-kyung fi gbọ́ pé òun gan-an ni ìyàwó tí ààfin ń wá. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ wo bí òǹkọ̀tàn ṣe to àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Èyí tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ àti ọjọ́ iwájú tirẹ̀ ló lè sọ pé rárá. Èyí tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbèsè wà nílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹni tó lè kọ̀ ti wọlé kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dé rárá.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Chae-kyung a máa wọ ṣòkòtò eré ìdárayá sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó lè sáré, kó lè fò, kó lè jókòó bó ṣe wù ú. Nígbà tó dé ààfin, ìyáàfin Choi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ààfin, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń tẹrí ba, bí ọrùn ṣe ń gbé irun àdìmọ́ tó wúwo bí òkúta lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kì í ṣe pé ó gọ̀ ló fi ń ṣìṣe. Ara rẹ̀ ló kọ̀. Obìnrin Kòríà tó ń wò ó kò nílò pé kó jẹ́ ọmọ ọba kó tó mọ ohun tó ń rí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ilé ló ń dúró ti iná nígbà ọdún Seollal àti Chuseok, tó ń se oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀, àwọn òkú tí kò bá a tan.

Shin náà kò sí lómìnira. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ di àrẹ̀mọ, oyè sì ti bọ́ sáàárín òun àti ìyá tó bí i. Ohun tó kù fún un láti ìgbà ọmọdé ni ọmọláńgidi béárì onírun kan tó sọ ní Alfred. Kò ṣàì ní ìtumọ̀ pé nígbà tí abala kọ̀ọ̀kan bá parí, àwọn ọmọláńgidi béárì tí wọ́n wọ aṣọ ààfin ló máa ń ṣàfihàn ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀wọ̀ tí ayé àtijọ́ bù fún ọba kò jẹ́ ṣe èyí. Níbi tí ọba gidi bá wà, ta ni yóò sọ ọ́ di ohun ìṣeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lójú gbogbo ìlú?

Adé lórí ọmọbìnrin

Ìjà oyè inú eré náà rọrùn láti tẹ̀ lé. Bàbá Lee Yul, ìbátan Shin, ni àrẹ̀mọ nígbà kan. Ó kú, aya rẹ̀ Hwa-young sì kó ọmọ rẹ̀ kúrò nílùú. Oyè wá bọ́ sọ́dọ̀ bàbá Shin. Nísinsìnyí, Hwa-young ti mú Yul padà, ó ní ti ọmọ òun ni. Ọmọkùnrin méjì, ìtẹ́ kan. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń jà, Hye-myung, ẹ̀gbọ́n Shin obìnrin, àkọ́bí ọba, wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí eré yóò fi parí, Shin gbé ipò sílẹ̀, orí Hye-myung ni adé bọ́ sí.

Kí a tó lè mọ bí ìparí yìí ṣe wúwo tó, a ní láti wo òfin ìdílé Kòríà. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní *hoju*, orúkọ gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ olórí ìdílé kan nínú ìwé ìjọba. Bí baálé bá kú, ọmọkùnrin rẹ̀ ni olórí ìdílé bọ́ sí lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìyá àti ìyá àgbà rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá lọ sílé ọkọ, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé bàbá rẹ̀ bọ́ sínú ti ọkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn obìnrin fi bá òfin yìí jà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2005, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ dájọ́ pé ó tako ìwé òfin. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kìíní ọdún 2008 kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2005, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ikú Yi Gu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé ọmọbìnrin tó ti dàgbà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìdílé baba ńlá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin ṣe jẹ́. Ìyẹn ni pé nígbà tí *Goong* ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ti dá òfin àtijọ́ lẹ́bi, kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ìdílé tí gbogbo ìdílé Kòríà ń wò nínú eré náà ló kọ́kọ́ ṣe ohun tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo Japan, níbi tí ẹnì kan wà lórí àga. Ní oṣù Kọkànlá 2005, ìgbìmọ̀ tí Koizumi Junichiro, olórí ìjọba, gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí obìnrin lè jọba, nítorí láti 1965 kò tíì sí ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí ìdílé ọba náà. Ní oṣù Kejì 2006, nígbà tí *Goong* kò tíì parí, ìròyìn jáde pé Kiko, aya ọmọ ọba, lóyún. Ọ̀rọ̀ náà dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ó bí Hisahito, ọmọkùnrin, ìdámọ̀ràn náà sì wọlẹ̀. Níbi tí ọba gidi wà, gbogbo ìlú ń dúró de oyún. Níbi tí ìtẹ́ ti ṣófo, tẹlifíṣọ̀n fi obìnrin jọba láàárín oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ kò sì mì.

Ohun tí a lè fi ta kò mí

Ẹnì kan lè sọ pé mo ń fún eré náà ní ọgbọ́n tí kò ní. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, tẹlifíṣọ̀n sì mọ ẹwà náà tà: aṣọ hanbok aláràbarà, ilé tó ń dán, ọmọkùnrin arẹwà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Hye-myung kò jà fún adé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e sílẹ̀ kó lè lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀tọ́ obìnrin dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbáyọ fún ìṣòro ọkùnrin, èyí sì jẹ́ àbùkù ńlá nínú ọ̀nà tí eré náà gbà ro ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, àbùkù yẹn kò wó àríyànjiyàn mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹjọ́ ẹbí ló wà lórí àga náà. N kò sọ pé eré náà dá a bó ṣe yẹ. Àwọn eré tó tẹ̀ lé e tún jẹ́rìí sí i. Nínú *My Princess* (MBC, 2011), akẹ́kọ̀ọ́ kan tí Kim Tae-hee ṣe gbọ́ pé òun jẹ́ àtọmọdọ́mọ Sunjong, ọba tó kẹ́yìn ní Kòríà. Alága ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ fi ọrọ̀ rẹ̀ dá ìdílé ọba padà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó yẹ kó jogún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ogún náà. Ẹjọ́ ibẹ̀ ni ti ọrọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Kòríà, ibi tó ti wá àti ẹni tó tọ́ sí. Nínú *The King 2 Hearts* (MBC, 2012), ọmọ ọba gúúsù fẹ́ obìnrin ológun láti àríwá: ẹjọ́ ilẹ̀ tó pín sí méjì ni wọ́n gbé wá. Àga kan náà ni, ẹjọ́ ló ń yí padà.

Bí a bá fẹ́ mọ iye tí irú eré bẹ́ẹ̀ tọ́, kí a bi í pé ẹjọ́ ta ló gbé wá síwájú ìtẹ́, kí a sì wò ó bóyá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Nínú *Goong*, Chae-kyung sọ̀rọ̀: lójú kámẹ́rà, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó dárúkọ ìkọ̀sílẹ̀, ohun tí ìyàwó ààfin kò gbọ́dọ̀ dárúkọ. Hye-myung ni kò tíì rí àyè sọ tirẹ̀. Gbèsè tí eré náà jẹ nìyẹn. Òǹkọ̀tàn tó bá tún fẹ́ kọ̀tàn nípa àga òfìfo ní Seoul, kó jẹ́ kí ọbabìnrin sọ ìdí tó fi gbà á.