Kọfí Rùwáńdà, Kí Ogun Tó Dé àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso Rùwáńdà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ni àwọn míṣọ́nárì Kátólíìkì gbin kọfí sí Mibirizi. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó gba ìjọba sọ ọ́ di ọ̀ranyàn: àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbin kọfí, kó sì fi owó rẹ̀ san owó orí. Òmìnira dé ní 1962, síbẹ̀ òfin kò gbà kí àgbẹ̀ fa igi kọfí tu nínú oko ara rẹ̀. Nígbà náà, orí kọfí ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí orílẹ̀-èdè náà ń rí láti òkè òkun dá lé, tíì ló tẹ̀ lé e.

Ní 1989, àdéhùn àgbáyé tó ń gbé iye owó kọfí dúró fọ́, owó náà sì já wálẹ̀ dé bí ìdajì. Àpò ìjọba gbẹ, ebi sì wọ ilé àgbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1990, ogun bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe kọfí ló fa ìpakúpa tó wáyé láti oṣù kẹrin sí oṣù keje 1994. Ìkórìíra sí ẹ̀yà Tutsi tí àwọn olóṣèlú ti ń gbìn sọ́kàn ènìyàn tipẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n òṣì mú kó rọrùn láti rí ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ gbà sínú ẹgbẹ́ apànìyàn. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó tó 800,000 ènìyàn tó kú, Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọrọ̀ ajé fọ́ dé nǹkan bí ìdajì lọ́dún kan ṣoṣo, igbó sì bo ọ̀pọ̀ oko.

Ohun tó yẹ kí èèyàn kíyè sí nínú ìgbérí Rùwáńdà ni pé irè oko àtijọ́ yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yí padà. Tẹ́lẹ̀, kálukú ń bó kọfí tirẹ̀ nílé, ó ń fi omi díẹ̀ ṣàn án, oníṣòwò á sì rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ní 1999, àwọn àgbẹ̀ Maraba, nítòsí Butare, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Abahuzamugambi sílẹ̀. Opó pọ̀ nínú wọn. Pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì, wọ́n kọ́ ilé ìfọkọfí ní 2001.

Èso tó pọ́n wẹ̀ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Wọ́n á dà á sómi. Èyí tó bá léfòó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rọ á bó eèpo rẹ̀, wọ́n á bò ó kó kan díẹ̀, bí àgbẹ̀ kòkó ti ń bo kòkó, kí ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì sá a sórí tábìlì gíga tí a fi àwọ̀n tẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣà á. Wóró kan tí kòkòrò ti jẹ lè mú kí odidi ife kan máa rùn bí ọ̀dùnkún tútù. Ní 2003, kọfí Maraba ti wà lórí àtẹ ilé ìtajà Sainsbury's ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ilé ìfọkọfí tàn káàkiri, nígbà tó sì di 2008, Rùwáńdà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó gbàlejò Cup of Excellence, ìdíje kọfí tó dára jù.

Ìjọba kò tún fi gbogbo ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ kan mọ́. Ètò ìdàgbàsókè Vision 2020, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2000, wá owó níbòmíràn. Ìnàkí orí òkè ló mú owó ńlá wá: láti 2017, àlejò kan ń san 1,500 dọ́là láti rí wọn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìgbafẹ́ inú àwọn ọgbà ẹranko sì ń lọ sí abúlé tó yí wọn ká. Ètò yẹn bọ́gbọ́n mu, torí pé ará abúlé ló ń fara gba ohun tí ẹranko bá bà jẹ́ lóko. Gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá ṣí ní Kigali ní 2016. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì inú Adágún Kivu ṣe iná mànàmáná.

Ohun àlùmọ́ọ́nì, bíi tánganran àti koltan, ń mówó wọlé pẹ̀lú, àmọ́ àwọn onímọ̀ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ léraléra pé láti Kóńgò ni wọ́n ti ń fi fàyàwọ́ kó apá kan rẹ̀ wọlé. Ìjọba Kigali sẹ́. Ẹ̀sùn tó wúwo ni, nítorí ẹ̀mí ń bọ́ nínú ogun ìlà oòrùn Kóńgò.

Ní 2020, àrùn kòrónà lé àlejò lọ, ọrọ̀ ajé sì fà sẹ́yìn ní ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti kọfí, títí di òní, àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó hẹ́kítà kan ló ń gbìn ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè, NAEB, àjọ ìjọba tó ń rí sí irè oko tí wọ́n ń tà sókè òkun, a máa kéde iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un lórí kílò èso pupa kan.