Ìbáramu subwoofer àti amplifier nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ìbáramu subwoofer àti amplifier nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà yan ẹ̀rọ méjèèjì, tí a sì ń gbà so wọ́n pọ̀, kí agbára tí ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ lè bá ohun tí èkejì lè gbà mu. Subwoofer ni sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde, ìyẹn àwọn ìró tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú orin; nínú ọkọ̀, ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé nǹkan bí 100 Hz. Amplifier ni ẹ̀rọ tó ń gba àmì ohùn tí kò lágbára láti inú rédíò ọkọ̀, tó sì ń fi iná bátìrì sọ ọ́ di alágbára. Ohun mẹ́ta ni ìbáramu wọn dá lé: ìdènà kọ́ìlì, agbára wáàtì, àti iná tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè pèsè. Bí a kò bá ka ọ̀kan nínú wọn sí, kọ́ìlì lè jó, amplifier lè bàjẹ́, wáyà sì lè dá iná sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

## Ìdènà kọ́ìlì

Kọ́ìlì ni wáyà tín-ín-rín tí a wé róbótó, tó wà láàárín òòfà sípíkà. Iná tó ń kọjá nínú rẹ̀ ló ń ti ojú sípíkà síwájú àti sẹ́yìn. Ohm ni a fi ń wọn ìdènà tí kọ́ìlì ń ṣe fún iná náà. A sọ ìwọ̀n yìí ní orúkọ Georg Simon Ohm, onímọ̀ físíksì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó tẹ òfin rẹ̀ lórí iná jáde ní ọdún 1827. Bí ohm bá ṣe ń dínkù ni iná tí sípíkà ń fà lára amplifier ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, amplifier kọ̀ọ̀kan ní ohm tó kéré jù lọ tó lè gbé. Ọ̀pọ̀ kò gbọdọ̀ rí ohun tó dín ní 2 ohm. Àwọn mìíràn lè gbé 1 ohm. Inú ìwé ìlò ẹ̀rọ náà ni a ti ń rí i.

Ọ̀pọ̀ subwoofer ní kọ́ìlì méjì, ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà so wọ́n. Nínú ìsopọ̀ atẹ̀léra, iná ń la kọ́ìlì kìíní kọjá kí ó tó dé èkejì, a ó sì ro ohm méjèèjì pọ̀. Nínú ìsopọ̀ ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́, orí pọ́sítíìfù méjèèjì pàdé, orí nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì náà sì pàdé; bí kọ́ìlì méjèèjì bá dọ́gba, a ó pín ohm ọ̀kan sí méjì.

- Kọ́ìlì méjì oní 4 ohm: atẹ̀léra jẹ́ 8 ohm, ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 2 ohm.
- Kọ́ìlì méjì oní 2 ohm: atẹ̀léra jẹ́ 4 ohm, ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 1 ohm.
- Subwoofer méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì méjì oní 2 ohm: bí a bá so gbogbo kọ́ìlì ní ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́, 0.5 ohm ni yóò jẹ́, èyí tó lè ba ọ̀pọ̀ amplifier jẹ́. Bí a bá so kọ́ìlì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní atẹ̀léra, kí a tó wá so subwoofer méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́-sí-ẹ̀gbẹ́, 2 ohm ni yóò jẹ́.

Ohun èlò tòkúnbọ̀ lè má ní àkọlé mọ́. Irú èyí yẹ kí a fi mítà wọ̀n kí a tó so ó mọ́ ohunkóhun.

## Agbára wáàtì

RMS ni òǹkà tí a gbọ́dọ̀ wò, nítorí òun ló ń sọ agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìdáwọ́dúró. Òǹkà ńlá tó máa ń wà lára páálí, tí a kọ "max" tàbí "peak" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju ti ìgbà kúkúrú gan-an lọ, a kì í sì fi ṣe ìṣirò. RMS amplifier ní iye ohm tí a ó lò ni ó yẹ kí ó sún mọ́ RMS subwoofer. Amplifier tó ń pèsè 500 wáàtì ní 2 ohm kì í sábà pèsè iye yẹn ní 4 ohm.

Amplifier kékeré kò léwu fún subwoofer ńlá níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fipá mú un. Ewu ń bẹ nígbà tí a bá béèrè ju agbára rẹ̀ lọ. Orí ìgbì ohùn yóò wá gé pẹrẹsẹ. Ìgbì tó gé pátápátá ń gbé agbára tó tó ìlọ́po méjì ti ìgbì gidi tí gíga wọn dọ́gba. Báyìí ni amplifier 300 wáàtì ṣe lè fi nǹkan bí 600 wáàtì ránṣẹ́ sí kọ́ìlì, tí kọ́ìlì yóò sì gbóná títí yóò fi jó.

Bọ́tìnì tí a kọ "gain" sí kì í ṣe ti àfikún ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú amplifier bá àmì ohùn rédíò mu. Láti tò ó, a ó sọ wáàtì di ìlọ́po ohm, a ó sì wá gbòǹgbò onílọ́po méjì èsì náà. Fún 500 wáàtì ní 2 ohm, gbòǹgbò 1000 jẹ́ nǹkan bí 31.6 fóltì. A ó tú wáyà subwoofer kúrò, a ó fi ìró ìdánwò 50 Hz sínú rédíò, a ó gbé ohùn rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a ó sì máa yí "gain" díẹ̀díẹ̀ títí mítà tó wà ní ìpele AC yóò fi ka iye náà.

## Iná ọkọ̀

Bátìrì tó kún máa ń ka nǹkan bí 12.6 fóltì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, àti nǹkan bí 13.5 sí 14.5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí amplifier 500 wáàtì bá ń lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń gbà, 625 wáàtì ni yóò fà lọ́wọ́ ọkọ̀, ìyẹn nǹkan bí 45 ampere ní 13.8 fóltì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gbóná lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pọ́sítíìfù, kí ó má jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí wáyà ni ó ń dáàbò bò. Wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí a sì dè é mọ́ irin ọkọ̀ tí a ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò.

## Wíwá àbùkù

Ohun kan ṣoṣo ni a ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tó fa àyípadà.

- Amplifier kò tan: a ó yẹ fíúsì wò, a ó wọn fóltì láàárín pọ́sítíìfù àti ilẹ̀, a ó sì wo wáyà tín-ín-rín tí rédíò fi ń tan án, èyí tó yẹ kó ní nǹkan bí 12 fóltì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, inú amplifier ni àbùkù wà.
- Iná "protect" ń tàn: a ó pa á, a ó tú wáyà subwoofer, a ó sì tún tan án. Bí iná náà bá lọ, subwoofer tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àbùkù. Bí kò bá lọ, a ó tú wáyà àmì ohùn pẹ̀lú. Bí ó bá ṣì ń tàn tí fóltì àti ilẹ̀ sì dára, amplifier fúnra rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó bàjẹ́.
- Ó tan, ṣùgbọ́n kò dún: a ó fi mítà wọn kọ́ìlì. Kọ́ìlì oní 4 ohm sábà máa ń ka iye tó dín díẹ̀ ní 4. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti já; bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà inú rẹ̀ ti kanra.
- Subwoofer méjì ń dún, báàsì kò sì sí: ó ṣeé ṣe kí a ti so ọ̀kan ní òdì, tí wọ́n fi ń pa ìró ara wọn. Bí a bá tú wọn, tí a fi bátìrì 1.5 fóltì kan orí wọn, ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ yọ síta.
- Ìró híhan tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré: ibi ìdè wáyà ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà bóyá wáyà àmì ohùn ń bá wáyà iná rìn pọ̀.
- Ó ń kú nígbà tí báàsì bá wọlé: a ó wọn fóltì lára amplifier àti lára bátìrì bí orin ṣe ń lọ. Bí ti amplifier nìkan bá wálẹ̀, wáyà tàbí ilẹ̀ ni. Bí méjèèjì bá wálẹ̀, bátìrì tàbí alternator kò lágbára tó.

Bí fíúsì bá ń jó lemọ́lemọ́, ohun tó ń jó o ni a gbọ́dọ̀ wá. Bí a bá fi èyí tó tóbi ju agbára wáyà lọ rọ́pò rẹ̀, wáyà ni yóò jó dípò fíúsì.